Nígbà tí Bọ́ọ̀dù Kòkó Kógbá Sílé: Ẹ̀kọ́ Ọdún 1986 ní Ilẹ̀ Yewa

Àgbà tí ó fi ajá sí ẹnu ọ̀nà nítorí olè, tí ó sì wá rí i pé ajá náà ń jẹ ẹyin adìẹ ilé, ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú rẹ̀. Ó lè lé ajá náà lọ, ó sì lè kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá lé e lọ, kò gbọdọ̀ gbàgbé pé olè tí ó torí rẹ̀ ra ajá kò tíì kúrò ní àdúgbò.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ni ó máa ń dojú kọ ìjọba nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ń gbèrò láti pa ilé iṣẹ́ kan rẹ́, èyí tí a dá sílẹ̀ láti gba mẹ̀kúnnù lọ́wọ́ àwọn olówó. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ètò ọrọ̀ ajé ibẹ̀ dojú dé ní 2008, òfin ọdún 2010 dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti máa gbèjà àwọn tí ń yá owó, àwọn tí ń lo báǹkì, àti àwọn tí ń ra ilé lórí gbèsè. Oṣù Keje 2011 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí ó di oṣù Kejì 2025, àwọn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró, àwọn kan sì ń sọ ní gbangba pé kí ó kógbá sílé pátápátá. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní ó ti di agbára tí ẹnikẹ́ni kò lè bi léèrè. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní bí ó bá lọ, ta ni yóò bá tálákà sọ̀rọ̀ níwájú báǹkì?

Àgbẹ̀ Ìlaròó tàbí ti Ayétòrò tí ó ti dàgbà kò nílò láti ré òkun kọjá kí ó tó rí àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1986, ìjọba Nàìjíríà tú àwọn Bọ́ọ̀dù tí ń ra irè oko ká. Nínú wọn ni Bọ́ọ̀dù Kòkó wà, èyí tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn. Ìdí tí a fi dá a sílẹ̀, ìdí tí a fi pa á rẹ́, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìtàn tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ni.

Kí Bọ́ọ̀dù tó dé

Ilẹ̀ Yewa, tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò kí ó tó yí orúkọ padà ní 1995, jẹ́ ilẹ̀ àgbẹ̀ àti ilẹ̀ ẹnubodè. Ní apá Ìlaròó, kòkó, obì àti ẹkùrọ́ ni àwọn ènìyàn fi ń rówó. Ní apá Ayétòrò, níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni ó gbilẹ̀ jù. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ó yà láti Ìfọ̀ gba Ìlaròó lọ sí Ìdógò, irè oko sì ń gba orí rẹ̀ lọ sí Èkó.

Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ni wọ́n ń ra irè yìí fún ọkọ̀ òkun. Láàrin wọn àti àgbẹ̀ ni àwọn oníṣòwò kéékèèké wà, tí wọ́n ń fi páànù tàbí òṣùwọ̀n ra kòkó láti abúlé dé abúlé. Àgbẹ̀ kò mọ iye tí kòkó ń tà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí oníṣòwò bá sọ fún un ni ó gbà. Ní 1937, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tí ó tóbi jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tún ṣe àdéhùn láàrin ara wọn pé àwọn kò ní bá ara wọn figagbága lórí iye tí wọn yóò máa ra kòkó. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gánà, tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà, kọ̀ láti ta kòkó wọn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì rán ìgbìmọ̀ Nowell láti wá wádìí ọ̀rọ̀ náà ní 1938.

Ṣùgbọ́n ìyà tí ó ń jẹ àgbẹ̀ jù kì í ṣe ti ọjọ́ títà, ti ọjọ́ yíyá ni. Láàrin oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, oúnjẹ a máa wọ́n, àìsàn a máa wọlé, ọmọ a máa padà sí ilé ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kòkó kò tíì pọ́n. Àgbẹ̀ a tọ oníṣòwò lọ, a sì yá owó lórí kòkó tí ó ṣì wà lórí igi. Èlé orí rẹ̀ kì í hàn, nítorí inú iye owó ni a ń fi í pamọ́ sí: kòkó tí yóò tó pọ́n-ùn mẹ́wàá ní ọjọ́ títà, pọ́n-ùn márùn-ún ni a ó kà á sí ní ọjọ́ yíyá. Àwọn mìíràn a fi oko gan-an dógò, ẹni tí ó yá wọn lówó a sì máa ká kòkó inú rẹ̀ títí a ó fi san gbèsè náà. Abájọ tí Yorùbá fi ní orúkọ tí ó ń gúnni lára fún irú ayánilówó bẹ́ẹ̀: sògúndogójì. Nígbà tí Galletti, Baldwin àti Dina ṣe ìwádìí láàrin àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1956 kò gbàgbé ọ̀rọ̀ gbèsè àti oko tí a fi dógò.

Ìlérí Bọ́ọ̀dù

Ogun àgbáyé kejì ni ó mú ìjọba wọ inú òwò yìí. Nígbà tí ọkọ̀ òkun wọ́n, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà láti máa ra kòkó fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, ní 1947, a dá Bọ́ọ̀dù Kòkó Nàìjíríà sílẹ̀. Ní 1954, nígbà tí a pín agbára fún àwọn ẹkùn, Bọ́ọ̀dù ti Ìwọ̀-Oòrùn gba iṣẹ́ náà fún gbogbo irè oko ẹkùn yìí, kòkó àti ẹkùrọ́ pẹ̀lú.

Ìlérí tí Bọ́ọ̀dù ṣe kò lọ́jú pọ̀. Kí sáà kòkó tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba yóò kéde iye owó kan ṣoṣo. Àwọn aṣojú tí ó ní ìwé àṣẹ, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, yóò máa ra kòkó ní iye náà, ìbáà ṣe ní ìgboro Ìlaròó tàbí ní àrọ́ko. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yóò yẹ kòkó wò, wọn yóò sì pín in sí ipò kìn-ín-ní àti ìkejì. Bí ọjà àgbáyé bá gbéra sókè, Bọ́ọ̀dù yóò fi díẹ̀ pamọ́. Bí ó bá já wálẹ̀, Bọ́ọ̀dù yóò mú nínú èyí tí ó fi pamọ́ láti fi gbe àgbẹ̀.

Àǹfààní kan wà nínú ètò yìí tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kì í sábà kà. Iye owó tí gbogbo ayé gbọ́ lórí rédíò jẹ́ òṣùwọ̀n fún gbèsè pẹ̀lú. Àgbẹ̀ tí ó ń yá owó lórí àpò kòkó mẹ́wàá mọ ohun tí àpò mẹ́wàá náà yóò jẹ́ ní oṣù Kẹwàá, ó sì lè fi mọ bí èlé tí wọ́n ń bu lé e lórí ti tó. Ẹni tí ó bá rẹ́ ẹ jẹ, ojú rẹ̀ ni ó ti rẹ́ ẹ jẹ. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà lè yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó, nítorí ó dá a lójú pé Bọ́ọ̀dù yóò ra kòkó rẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ di apẹyẹ

Ṣùgbọ́n owó tí ó pọ̀ kì í pẹ́ rí ẹni tí yóò máa wò ó. Nígbà tí ọjà àgbáyé gbéra lẹ́yìn ogun, owó tí Bọ́ọ̀dù fi pamọ́ di òkè. Ní 1954, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Peter Bauer, kọ ìwé lórí òwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì sọ pé owó tí wọ́n ń pè ní ìfipamọ́ yìí kò yàtọ̀ sí owó orí tí a ń gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀ láìbi í. Àwọn tí ó gbèjà Bọ́ọ̀dù ní owó náà kò ṣòfò: ó ṣe ilé ẹ̀kọ́, ó ṣe ọ̀nà, Cocoa House tí ó ga ní àjà 26 sì dúró sí Ìbàdàn bí ẹlẹ́rìí láti 1965. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó ń wo ilé gíga láti òkèèrè kò lè fi ilé gíga san gbèsè.

Ní 1962, ìjọba àpapọ̀ gbé Ìgbìmọ̀ Coker dìde láti wádìí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé owó Bọ́ọ̀dù ti gba ọ̀nà àyálò wọ inú ilé iṣẹ́ àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú, láti ibẹ̀ sì ni ó ti wọ inú àpò ẹgbẹ́ náà. Àwọn kan ní òṣèlú ni ìwádìí náà. Kódà bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé owó náà padà dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀. Ní 1965, lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kẹwàá tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ìdìbò èrú, ìjọba ẹkùn gé iye owó kòkó lulẹ̀ gidigidi, iná tí ó sì ń jó nínú ìlú tún ràn sí i. Àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù Kìn-ín-ní 1966.

Nígbà tí ó di 1968, àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn gbé ìjà dé. Ogun Àgbẹ́kọ̀yà bẹ̀rẹ̀, nítorí owó orí, nítorí ìwà àwọn agbowó-orí, àti nítorí kòkó tí kò pé owó. Ìgbìmọ̀ Ayọ̀ọlá wádìí rẹ̀, ní 1969 sì ni ìjọba dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì. Ìtàn yìí kò gbọdọ̀ di ìgbàgbé nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ Bọ́ọ̀dù. Àwọn tí a ní ó ń dáàbò bò ni wọ́n gbé ìbọn ṣakabùlà.

Ìjọba àpapọ̀ tún un dá ní 1977, ó sì sọ ọ́ di Bọ́ọ̀dù méje: ti kòkó ní Ìbàdàn, ti ọ̀pẹ ní Calabar, ti ọkà ní Minna, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà jìn sí i láti oko dé ọ́fíìsì. Ní sáà 1970 sí 1971, kòkó tí oko Nàìjíríà mú jáde lé ní tọ́ọ̀nù 300,000. Ní àárín àwọn ọdún 1980, kò tó ìdajì rẹ̀ mọ́. Epo rọ̀bì kó àwọn ọ̀dọ́ kúrò lóko, igi kòkó ń darúgbó, iye owó Bọ́ọ̀dù kò sì mú ẹnikẹ́ni lọ́kàn le láti gbin òmíràn.

Ẹnubodè sọ òtítọ́

Kò sí ibi tí àléébù Bọ́ọ̀dù ti hàn kedere bí ilẹ̀ Yewa. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní oṣù Kẹjọ 1889 ti pín àwọn ará ilé kan náà sí méjì: Kétu bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìyá a wà níhìn-ín, ọmọ ìyá a wà lọ́hùn-ún. Nígbà tí iye tí Bọ́ọ̀dù ń san bá kéré, ẹni tí ó ní kòkó kò nílò ju kẹ̀kẹ́ tàbí alùpùpù àti ọ̀nà igbó kan lọ. Ìwọ̀-oòrùn ni yóò kọjú sí. Ní òdì-kejì, owó sẹ́fà tí ó dúró lórí owó Faransé ni wọn yóò fi san án, bẹ́ẹ̀ ni náírà, tí ìjọba ń gbé ga ju bí ó ti yẹ lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ níyì lọ́jà dúdú.

Fàyàwọ́ ni ìjọba ń pe èyí. Ó gbilẹ̀ débi pé ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, kòkó tí ń gba èbúté Kútọnu jáde pọ̀ ju èyí tí oko orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lè mú jáde lọ fíìfíì. Oko tí ó so ó wà ní Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹrin 1984, ìjọba ológun ti ẹnubodè pa, kò sì ṣí i títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1986. Àwọn aṣọ́bodè pọ̀ ní Ìdí-Ìrókò, ṣùgbọ́n ọ̀nà igbó pọ̀ jù wọ́n lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bóyá ilé iṣẹ́ ìjọba kan ń ṣe àǹfààní fún mẹ̀kúnnù, kí ó wo ibi tí mẹ̀kúnnù ń sá lọ.

Ọdún 1986

Ìgbà náà ni ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní SAP, dé. Lábẹ́ ìjọba Ọ̀gágun Babangida, a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àárín ọdún 1986. Ní oṣù Kẹsàn-án, a fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, ó sì já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni a tú àwọn Bọ́ọ̀dù ká. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó lè ra kòkó. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lè rí ọkọ̀ òkun lè kó o lọ.

Àgbẹ̀ yọ̀, ó sì yẹ kí ó yọ̀. Ní sáà 1985 sí 1986, náírà 1,600 ni Bọ́ọ̀dù ń san lórí tọ́ọ̀nù kòkó kan. Láàrin ọdún kan, iye náà ti ju ìlọ́po méjì lọ, ó sì ń gòkè sí i. Àwọn tí ó ti pa oko tì padà sí i, wọ́n ń ro ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti nǹkan bí ogójì ọdún, ohun tí ọjà àgbáyé ń san súnmọ́ ohun tí ó ń bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó gbin igi.

Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń yọ̀ pẹ̀lú, ìdí ayọ̀ tiwọn sì yàtọ̀. Kòkó jẹ́ ohun tí a ń tà ní owó òkèèrè, owó òkèèrè sì wọ́n. Àwọn tí kò rí pódi kòkó rí wọ ọjà nítorí dọ́là, wọ́n ń ra kòkó ní iye tí ó ga ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí èrè wọn kò sí nínú kòkó. Wọn kò bìkítà bí ó ti gbẹ tó. Kòkó tútù, kòkó tí ó bu, kòkó tí a pò mọ́ ìdọ̀tí wọ inú àpò. Orúkọ rere tí kòkó Nàìjíríà ní ní Lọ́ńdọ̀nù sì bàjẹ́ débi pé wọ́n ń gé owó lórí rẹ̀. Nígbà tí ọjà àgbáyé já lulẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1980, àwọn oníṣòwò ọ̀sán gangan wọ̀nyí pòórá. Oko kò lè pòórá ní tirẹ̀.

Níbẹ̀ ni a ti rí ohun tí a sọnù. Kò sí iye owó tí ìjọba ń kéde mọ́, nítorí náà kò sí òṣùwọ̀n fún gbèsè mọ́. Iye tí kòkó yóò jẹ́ ní oṣù Kẹwàá ṣókùnkùn sí àgbẹ̀, ṣùgbọ́n oníṣòwò tí ó ní ẹni ní Èkó lè fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí agbára rẹ̀ wà nínú rírà fún Bọ́ọ̀dù di ahẹrẹpẹ. Sògúndogójì, tí kò fi ìgbà kankan lọ tán, tún jókòó dáadáa sí ìdí oko.

Kí ni ó yẹ kí a ṣe?

Àwọn aládùúgbò wa gba ọ̀nà mìíràn, ìtàn tiwọn sì yẹ fún ìwòye. Gánà dín Bọ́ọ̀dù tirẹ̀ kù, kò pa á rẹ́; kòkó rẹ̀ ṣì ní iyì, àgbẹ̀ rẹ̀ sì ń mọ iye owó kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Côte d'Ivoire pa tirẹ̀ rẹ́ ní 1999, ìjìyà àwọn àgbẹ̀ sì mú kí ìjọba tún dá òmíràn sílẹ̀ láàrin 2011 àti 2012. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ sọ pé èyí fi hàn pé Bọ́ọ̀dù ni ó dára jù, ọdún 2024 yóò dá a lóhùn. Nígbà tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 10,000 ní ọjà àgbáyé, àgbẹ̀ Nàìjíríà gba owó tí ó jọjú, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Gánà, tí ìjọba ti so iye owó mọ́ lẹ́sẹ̀, ń wo ẹnubodè bí ará Ìlaròó ti ń wò ó ní 1984. Kí 2025 tó parí, iye náà ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì, ará Nàìjíríà ni kò sì ní ẹni tí yóò gbé e.

Nítorí náà, ìbéèrè náà kì í ṣe bóyá ó yẹ kí Bọ́ọ̀dù lọ. Bọ́ọ̀dù tí ó wà ní 1986, ó yẹ kí ó lọ. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀: ó ń gba owó fún ìjọba, ó ń yọ iye owó sọ́tọ̀ kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ ọ́n, ó sì ń dúró láàrin aláìní àti olówó. Èkíní ni ó ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀bi tí àwọn tí ó tú u ká ní ni pé wọ́n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dànù pọ̀, wọn kò sì béèrè ẹni tí yóò gba méjì yòókù ṣe.

Pé a lè ṣe é lọ́nà mìíràn, Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti fi hàn. Ní 2019, a pa ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀ láti dáàbò bo àwọn oníbàárà rẹ́, ṣùgbọ́n òfin kan náà tí ó pa á rẹ́ ni ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé àjọ tuntun, FCCPC, lọ́wọ́, ó sì fi agbára kún un. Ní oṣù Kẹta 2022, nígbà tí àwọn ayánilówó orí fóònù ń fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ọ̀gá ẹni tí ó jẹ wọ́n ní gbèsè, àjọ yìí wọ ọ́fíìsì wọn ní Èkó; kí ọdún náà tó parí, ó ní kí gbogbo wọn wá forúkọ sílẹ̀. Gbèsè orí fóònù àti gbèsè orí igi kòkó, ọmọ ìyá ni wọ́n: ẹni tí kò ní ń yá, ẹni tí ó ní ni ó mọ iye tí yóò jẹ́ lọ́la.

Ilé tí ó ń jò, wíwó kì í ṣe èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò wó o, kí òjò tó dé ni ó yẹ kí ó ti sọ ibi tí àwọn ará ilé yóò sùn. Ní 1986, kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ fún àgbẹ̀ Ìlaròó.